Ẹ Bá Wa Béèrè Ẹni Tó Ní Ẹ̀tọ́ Láti Kọ́kọ́ Kọjá ní Oríta

Sí Olóòtú,

Mo kí yín, mo sì kí gbogbo àwọn tó ń bá yín ṣe iṣẹ́ ìwé ìròyìn yìí. Ọ̀rọ̀ kan tó ti ń jẹ mí lọ́kàn láti ọjọ́ pípẹ́ ni mo fẹ́ bá yín sọ. Kì í ṣe ìwé ìròyìn tiyín nìkan ni ọ̀rọ̀ náà kàn, nítorí pé bákan náà ni ọ̀pọ̀ akọ̀ròyìn ṣe ń kọ ọ́. Nígbàkígbà tí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ àti alùpùpù bá forí sọ ara wọn ní oríta, ohun tí a sábà máa ń kà ni pé "alùpùpù kan ya lu ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́", tàbí pé "ẹni tó gun alùpùpù sáré lọ kọlu ọkọ̀". Ẹni tó bá ka irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀ ti dájọ́ tán kó tó dé ìlà kejì. Alùpùpù nìkan ló ń ṣe nǹkan nínú gbólóhùn náà. Ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kàn wà níbẹ̀ ni, bí ẹni pé ògiri ni, bí ẹni pé kò ti ibì kankan bọ̀, tí kò sì ń lọ síbì kankan. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ní ọ̀pọ̀ ìgbà, ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ náà ló yà gba iwájú alùpùpù kọjá nígbà tó yẹ kó dúró.

Mo mọ ohun tí mò ń sọ, nítorí pé ó ti ṣẹlẹ̀ sí mi. Mò ń gun alùpùpù mi bọ̀ lójú ọ̀nà gbọọrọ kan ní ọ̀sán gangan. Ojú ọjọ́ mọ́, ọ̀nà sì gbẹ. Ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kan ń bọ̀ ní ọ̀kánkán mi, ó sì dúró ní àárín oríta láti yà sí ọ̀nà kékeré kan tó wà ní ẹ̀gbẹ́ tèmi. Èmi ni mo ni ọ̀nà. Mo rí awakọ̀ náà, ó kọjú sí apá ọ̀dọ̀ mi, mo sì gbà lọ́kàn mi pé ó ti rí mi. Bó ṣe kù díẹ̀ kí n dé oríta náà ni ó yà. Mo tẹ bíréèkì, ṣùgbọ́n ẹ̀pa kò bóró mọ́. Ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ rẹ̀ ni mo lọ bá, egungun èjìká mi sì ṣẹ́. Níbi tí mo dùbúlẹ̀ sí, gbólóhùn kan ṣoṣo ni mò ń gbọ́ lẹ́nu rẹ̀, tó ń tún un sọ fún gbogbo ẹni tó bá dé: "Mi ò rí i. Mi ò rí i rárá." Mo gbà á gbọ́ lọ́jọ́ náà, mo sì gbà á gbọ́ títí di òní, nítorí pé ohùn ẹni tí jìnnìjìnnì bò ni mo gbọ́, kì í ṣe ohùn ẹni tó ń purọ́.

Àmọ́ nígbà tí ìròyìn rẹ̀ jáde, wọ́n ní èmi ni mo ya lu ọkọ̀ rẹ̀. Wọ́n ti bá a sọ̀rọ̀. Wọn kò bá mi sọ̀rọ̀, torí orí ibùsùn ni mo wà. Àwọn àgbà ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. N kò pe akọ̀ròyìn náà ní òṣìkà, ẹni tó lè dúró sọ̀rọ̀ ló bá pàdé. Ṣùgbọ́n bó ṣe máa ń rí nìyẹn nínú irú ìjàǹbá yìí: ẹni tí irin yí ká ló máa ń wà ní ìdúró láti rojọ́, ẹni tó wà lórí táyà méjì ni wọ́n máa ń gbé lọ, nígbà mìíràn kò sì ní lè rojọ́ mọ́ láé.

Ẹ̀tọ́ ìkọjá, bí òfin ojú pópó ṣe là á sílẹ̀, kì í ṣe agbára tí a fún ẹnì kan láti kọjá bó ṣe wù ú. Ojúṣe ni ó jẹ́ fún ẹnì kejì: òfin tọ́ka sí ẹni tó gbọ́dọ̀ dúró, ẹni tó kù ló sì ń kọjá. Nínú àdéhùn àgbáyé lórí ìrìnnà ojú pópó tí wọ́n ṣe ní Vienna ní ọdún 1968, wọ́n ní kí awakọ̀ yòówù tó bá ń sún mọ́ oríta máa ṣọ́ra ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, kó sì dín eré rẹ̀ kù débi tí yóò fi lè dúró fún ọkọ̀ tó ní ẹ̀tọ́ láti kọjá. Àdéhùn kan náà ló sọ pé ẹni tó bá fẹ́ yà gba iwájú àwọn tó ń bọ̀ ní ọ̀kánkán rẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ kí wọ́n kọjá ná. Kò sọ pé kí wọ́n kọjá bí wọ́n bá tóbi tó. Òótọ́ ni pé òfin oríta tí kò ní iná tàbí àmì yàtọ̀ láti orílẹ̀-èdè kan sí èkejì, pé ibì kan ń fún ẹni tó wà ní ọwọ́ ọ̀tún láyè, tí ibòmíràn sì ń fún ẹni tó kọ́kọ́ dé. Ṣùgbọ́n n kò tíì gbọ́ ibi tí òfin ti fi bí ọkọ̀ ṣe wúwo tó pín ọ̀nà. Àwa èèyàn la ń pín in bẹ́ẹ̀. Awakọ̀ tí kò jẹ́ dán an wò láé pé kí òun yà gba iwájú ọkọ̀ àjàgbé ni yóò yà gba iwájú alùpùpù láìfòyà, nítorí pé nínú ọkàn rẹ̀ lọ́hùn-ún, ó mọ ẹni tí yóò fara pa.

Kì í ṣe èmi nìkan ni irú nǹkan yìí bá. Ní ọdún 1981, Harry Hurt àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Southern California ní Amẹ́ríkà gbé àbájáde ìwádìí kan jáde, èyí tí àwọn tó mọ̀ nípa alùpùpù ṣì ń tọ́ka sí títí di òní. Ojú ibi tí ìjàǹbá ti ṣẹlẹ̀ gan-an ni wọ́n ń lọ. Ìjàǹbá tí wọ́n yẹ̀ wò bẹ́ẹ̀ ní agbègbè Los Angeles tó 900, wọ́n sì ka àkọsílẹ̀ ọlọ́pàá 3,600 mọ́ ọn. Wọ́n rí i pé nínú àwọn ìjàǹbá tí alùpùpù àti ọkọ̀ mìíràn ti forí sọ ara wọn, nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta ló jẹ́ pé awakọ̀ kejì ló gba ọ̀nà mọ́ alùpùpù lọ́wọ́, oríta sì ni ibi tí èyí ti ń ṣẹlẹ̀ jù. Ní Yúróòpù, ìwádìí mìíràn tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1999 ní orílẹ̀-èdè márùn-ún, ìyẹn Faransé, Jámánì, Ítálì, Sípéènì àti Netherlands, yẹ ìjàǹbá 921 wò. Nínú ìdajì wọn, àṣìṣe awakọ̀ kejì ni olórí ohun tó fà á. Àṣìṣe ẹni tó gun alùpùpù ló sì jẹ́ olórí ohun tó fa ìdá 37 nínú ọgọ́rùn-ún. N kò fi iye kejì yìí pa mọ́, nítorí pé mo ní ọ̀rọ̀ láti bá àwa tó ń gun alùpùpù sọ. Ṣùgbọ́n ẹ wo irú àṣìṣe tí àwọn awakọ̀ kejì ṣe: nínú èyí tó ju ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún lọ, wọn kò rí alùpùpù náà ni.

Báwo ni èèyàn ṣe ń wo nǹkan tí kò sì ní rí i? Ìbéèrè yìí ló gba ọkàn mi ní gbogbo oṣù tí mo fi wà nílé, tí wọ́n fi aṣọ gbé apá mi kọ́ ọrùn. Mo ti rò tẹ́lẹ̀ pé àìbìkítà lásán ni. Ohun tí mo rí kà kọ́ mi pé ọ̀rọ̀ náà jìn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tí a bá ń wo ọ̀tún wo òsì, ojú wa kì í rọra rìn lọ láìdúró. Ó máa ń fò ni, láti orí nǹkan kan sí orí òmíràn, nǹkan bí ìgbà mẹ́ta láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ọpọlọ kì í sì í gba àwòrán wọlé dáadáa ní àkókò tí ojú bá wà lẹ́nu fífò. Ibi tí ojú bá bà lé nìkan ni a ń rí kedere. Ìyókù, ọpọlọ ló ń fi òye dí i fún wa, tí a ó sì rò pé gbogbo ọ̀nà náà ni a ti rí. Ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ gbòòrò, kì í rọrùn fún ojú láti fò ó dá. Alùpùpù tó bá kọjú sí wa kò fi bẹ́ẹ̀ fẹ̀ ju ẹni tó jókòó lórí rẹ̀ lọ, ó sì lè bọ́ sí àárín ìfò méjì. Awakọ̀ tó fi ìkánjú yí orí lẹ́ẹ̀kan ti wo ọ̀nà lóòótọ́, bí ẹ bá sì bi í ní iwájú adájọ́, yóò búra pé òun wò ó.

Òpó tó gbé dígí iwájú ọkọ̀ ró ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì tún wà níbẹ̀. Ó lè bo alùpùpù àti ẹni tó gùn ún pátápátá. Èyí tó burú jù ni pé bí ọkọ̀ àti alùpùpù bá ń ti ọ̀nà méjì bọ̀ láti pàdé ní ojú kan náà, tí eré àwọn méjèèjì kò sì yí padà, ẹ̀gbẹ́ kan náà ni awakọ̀ yóò máa ti wo alùpùpù náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Bó bá ti wà lẹ́yìn òpó nígbà tó ṣì jìnnà, ẹ̀yìn òpó ni yóò wà títí wọn yóò fi forí sọ ara wọn. Bí òpó kò bá tilẹ̀ bò ó, ohun tó ń kọjá lọ kọjá bọ̀ ni ojú ń tètè mú, èyí kò sì jọ ohun tó ń rìn.

Ká ní ojú rí i, ó tún ku bí a ó ṣe mọ ìgbà tí yóò dé. Nígbà tí àwọn olùwádìí fi alùpùpù àti ọkọ̀ tó ń sá eré kan náà, láti ibi tó jìnnà bákan náà, han àwọn awakọ̀, èrò wọn ni pé alùpùpù yóò pẹ́ kó tó dé ju ọkọ̀ lọ. Bí nǹkan ṣe ń tóbi sí i lójú la fi ń mọ̀ pé ó ń sún mọ́ wa, ohun tó bá sì tínńrín kì í tètè tóbi lójú. Àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Nottingham tilẹ̀ rí ohun kan tó yà mí lẹ́nu ju gbogbo rẹ̀ lọ: àwọn awakọ̀ kan wo alùpùpù náà ní tààrà, wọ́n sì ti gbàgbé rẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ tí wọ́n fi yí ojú sí apá kejì. Ìmọ̀ràn wọn rọrùn, mo sì ń gbà á lò nígbà tí mo bá ń wa ọkọ̀: bí o bá rí alùpùpù, fi ẹnu sọ ọ́ síta pé "alùpùpù", kí etí rẹ lè bá ojú rẹ rántí.

Bí mo ṣe ń mọ nǹkan wọ̀nyí, ìbínú mi sí ọkùnrin tó kọlù mí ń rọlẹ̀. Ṣùgbọ́n èrò mi nípa ẹni tó ni ẹ̀bi kò rọ̀. Ó le sí i ni. Nígbà tí a kò tíì mọ̀ pé ojú ń tàn wá, ẹni tó bá sọ pé òun kò rí i lè rí àánú gbà. Ní báyìí tí a ti mọ̀ ọ́n láti ohun tó ju ogójì ọdún lọ, ojúṣe ẹni tó gbọ́dọ̀ dúró kì í ṣe pé kó yí orí rẹ̀ lásán. Olójú kì í la ojú rẹ̀ sílẹ̀ kí tàlùbọ̀ kó wọ̀ ọ́. Ó yẹ kó dúró pátápátá, kó jẹ́ kí ojú rẹ̀ bà lé ọ̀nà náà ní ibi tó jìnnà, ní àárín, àti ní ìtòsí, kó tẹ̀ síwájú kó tún fà sẹ́yìn lórí ìjókòó rẹ̀ láti yọjú kúrò lẹ́yìn òpó, kó sì wo ẹ̀gbẹ́ àkọ́kọ́ lẹ́ẹ̀kejì kó tó gbé ẹsẹ̀ lé tíróótù. Gbogbo èyí kò ju ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta tàbí mẹ́rin lọ. Ó sì ṣeé kọ́: nígbà tí àwọn kan tún padà yẹ àkọsílẹ̀ ìwádìí Yúróòpù yẹn wò, wọ́n rí i pé awakọ̀ tí òun náà ní ìwé àṣẹ láti gun alùpùpù kì í sábà jẹ́ ẹni tó ni ẹ̀bi nínú irú ìjàǹbá bẹ́ẹ̀ tó àwọn tí kò ní i. Ojú tiwọn kò dára ju ti ẹlòmíràn lọ. Ohun tí wọ́n ń wá ni wọ́n mọ̀.

Mo wá kọjú sí àwa tó ń gun alùpùpù, nítorí pé ẹ̀tọ́ ìkọjá kò lè dá táyà dúró. Àwọn tó ṣe ìwádìí ọdún 1981 rí i pé nínú irú ìjàǹbá tó wọ́pọ̀, ẹni tó gun alùpùpù kì í ní tó ìṣẹ́jú àáyá méjì láti ṣe gbogbo ohun tó bá lè ṣe. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ìwé òfin ojú pópó ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sọ pé ọkọ̀ tó bá ń sá kìlómítà 48 ní wákàtí kan nílò mítà 23 kó tó dúró pátápátá, mítà 9 fún kí awakọ̀ tó tẹ bíréèkì àti mítà 14 fún bíréèkì. Nínú ìṣẹ́jú àáyá méjì, ẹni tó ń sá eré yẹn yóò ti lọ tó mítà 27. Yóò dúró, àmọ́ mítà mẹ́rin péré ló ṣẹ́ kù kó kan ọkọ̀ náà. Bó bá jẹ́ kìlómítà 80 ló ń sá, ó nílò mítà 53, ṣùgbọ́n mítà 44 péré ni ìṣẹ́jú àáyá méjì fún un. Mítà 9 tó kù yẹn, inú ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ ni yóò ti parí rẹ̀. Èmi kò sáré púpọ̀ lọ́jọ́ tèmi, àmọ́ n kò dín eré mi kù rárá nígbà tí mo rí ọkọ̀ tó dúró tó fẹ́ yà, ọwọ́ mi kò sì sí lórí bíréèkì, nítorí pé mo ti wo ojú rẹ̀. Ojú awakọ̀ kì í ṣe ẹ̀rí. Táyà iwájú ọkọ̀ rẹ̀ ni kí ẹ máa wò. Òun ni yóò kọ́kọ́ sọ fún yín pé ó fẹ́ gbéra.

Àwọn ibì kan tún wà tí àwa fúnra wa ti ń fi ara wa pa mọ́. Ẹni tó bá ń tẹ̀lé ọkọ̀ àjàgbé pẹ́kípẹ́kí wọ oríta, kò sí ẹni tó ń retí rẹ̀. Bí ọkọ̀ ńlá náà bá ti kọjá, ẹni tó ń dúró láti yà yóò rò pé ọ̀nà ti ṣófo. Ẹni tó bá gba ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ tó dúró kọjá ní oríta, kó máa bi ara rẹ̀ pé kí ló dá ọkọ̀ náà dúró, nítorí pé ó lè jẹ́ pé awakọ̀ rẹ̀ ti juwọ́ sí ẹlòmíràn pé kó máa bọ̀. Tráfíkétọ̀ ọ̀pọ̀ alùpùpù kì í kú fúnra rẹ̀ lẹ́yìn tí a bá yà tán. Bí a bá gbàgbé rẹ̀, tó ń ṣẹ́jú lọ́wọ́, awakọ̀ tó wà ní ẹnu ọ̀nà tó kàn yóò gbà pé a fẹ́ yà sí ọ̀dọ̀ òun, yóò sì bọ́ sójú ọ̀nà. Níbẹ̀, a kò ní lè sọ pé ẹ̀bi rẹ̀ nìkan ni.

Iná iwájú àti aṣọ tó ń tàn ṣe pàtàkì ju bí ọ̀pọ̀ ṣe rò lọ. Ní Auckland, ní orílẹ̀-èdè New Zealand, ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 2004 fi hàn pé ewu ìjàǹbá tó ń fa ọgbẹ́ fi ìdá 37 nínú ọgọ́rùn-ún dín kù fún àwọn tó wọ aṣọ tó ń tàn yanran, ó fi ìdá 27 dín kù fún àwọn tó tan iná iwájú ní ọ̀sán, ó sì fi ìdá 24 dín kù fún àwọn tó dé akoto funfun ju fún àwọn tó dé dúdú lọ. Ti akoto fúnra rẹ̀, n kò rò pé ó yẹ kí n tún máa bẹ ẹnikẹ́ni.

Ohun tí mo ń tọrọ lọ́wọ́ yín, ẹ̀yin olóòtú, kò pọ̀. Kí ẹ tó tẹ ìròyìn ìjàǹbá oríta tí alùpùpù bá wà nínú rẹ̀ jáde, ẹ jọ̀wọ́, ẹ ní kí akọ̀ròyìn yín béèrè ibi tí ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan ti ń bọ̀ àti ibi tó ń lọ, ẹni tí iná, àmì tàbí òfin sọ pé kó dúró, àti bóyá ó dúró. Bí kò bá tíì mọ ìdáhùn, kó kọ ọ́ pé ọkọ̀ àti alùpùpù forí sọ ara wọn, kó fi í síbẹ̀. Bí awakọ̀ bá sì sọ pé òun kò rí i, ẹ kọ ọ́, nítorí pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe jẹ́ kí ìròyìn parí síbẹ̀. Ẹ bi ọlọ́pàá pé kí ló dí i lójú: ṣé oòrùn ni, ṣé òpó ni, ṣé igi tó bo ẹnu oríta ni, àbí kò dúró rárá ni? Ìdáhùn ìbéèrè yẹn lè jẹ́ kí àwọn tó ń bójú tó ọ̀nà gé igi náà, kí wọ́n sún àmì náà síwájú, tàbí kí wọ́n sọ oríta náà di ráńdábáòtù, níbi tí eré gbogbo ọkọ̀ ti ń dín kù, tí kò sì sí pé ẹnì kan ń yà gba iwájú ẹni tó ń bọ̀ ní ọ̀kánkán rẹ̀. Kò sí ẹni tí yóò gbé ìgbésẹ̀ kankan lórí ìròyìn tó sọ pé alùpùpù ló ya lu ọkọ̀.

Mo ṣì ní ìròyìn tí wọ́n kọ nípa tèmi lọ́wọ́. Ìlà mẹ́ta péré ni. Bó bá jẹ́ èmi ni wọ́n ní kí n kọ ọ́, kò ní gùn ju bẹ́ẹ̀ lọ, n kò sì ní bú ẹnikẹ́ni nínú rẹ̀. Ohun tí mo máa kọ nìyí: "Awakọ̀ kan yà gba iwájú alùpùpù tó ní ẹ̀tọ́ láti kọjá ní oríta. Ó ní òun kò rí i. Ẹni tó gun alùpùpù náà ṣẹ́ egungun èjìká, a kò sì tíì lè bá a sọ̀rọ̀."

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Òǹkàwé yín kan tó ń gun alùpùpù